Ọmọ Dé Lóru, Oúnjẹ Ìyá Ọmọ Ńkọ́?

Ìwé ìròyìn yìí kì í jáde kí a má kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kú oríire ọmọ tuntun. Bí ọmọ bá ti dé, inú gbogbo wa a máa dùn. A óò pe bàbá ọmọ lórí fóònù, a óò ra aṣọ, a óò múra ìsọmọlórúkọ ọjọ́ kẹjọ, a óò jẹ, a óò mu. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa: kí ni ìyá ọmọ yẹn jẹ ní òru ọjọ́ tó bí i?

Ìbéèrè kékeré kọ́ o. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Obìnrin tó ti rọbí láti àárọ̀ di òru, tí ẹ̀jẹ̀ ti lọ lára rẹ̀, tí ọmọ sì ń wá ọmú lẹ́nu ìṣẹ́jú díẹ̀ tó dé ayé, oúnjẹ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń fi ṣeré. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọsibítù ìlú Ọba yìí yẹ̀ wò.

Òru ni ọmọ fẹ́ràn

Àwọn ìyá wa ti mọ̀ tipẹ́ pé òru ni ọmọ máa ń dé. Àwọn olùwádìí náà ti wá kà á. Ní ọdún 2018, àwọn olùwádìí kan ní London gbé iṣẹ́ jáde lórí ìbí ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù 5 ní England, láti ọdún 2005 títí di 2014. Wọ́n rí i pé nínú ọmọ 100, bí 71 ni kò bọ́ sí àkókò iṣẹ́ ọ́fíìsì, ìyẹn aago 9 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ọmọ tó sì wá fúnra wọn, tí a kò fi oògùn tàbí ọ̀bẹ pè, àárín aago 1 òru sí aago 7 ìdájí ni wọ́n pọ̀ jù. Aago 4 ìdájí gan-an ni wọ́n ń rọ́ dé.

Ẹ wá fi èyí wé aago kíṣíìnì ọsibítù. Oúnjẹ alẹ́ níbẹ̀ kì í ju aago 5 sí aago 6 ààbọ̀ lọ. Oúnjẹ àárọ̀ a máa dé ní nǹkan bí aago 8. Láti alẹ́ di àárọ̀, nǹkan bíi wákàtí 13 sí 15 ni. Ẹni tó bá bímọ ní aago 9 alẹ́ ti pẹ́ jù fún oúnjẹ alẹ́, ẹni tó bá sì bímọ ní aago 2 òru ní wákàtí 6 láti dúró kí kẹ̀kẹ́ oúnjẹ tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí oúnjẹ gidi tó jẹ kẹ́yìn jẹ́ ti àná, nílé, kí ìrọbí tó mú un.

Ẹlòmíì á ní, “Ṣé wọn ò lè dáná díẹ̀ fún un ni?” Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ọsibítù kò ní ìkòkò lórí iná lóru. Ibi mìíràn ni wọ́n ti ń se púpọ̀ nínú oúnjẹ wọn. Wọ́n á sè é, wọ́n á yára mú kó tutù láàárín ìṣẹ́jú 90, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù tí kò ju ìwọ̀n 3 lọ, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 5 lọ kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Lójú wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń gbé e gbóná, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn sì ti lọ sílé bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Agbẹ̀bí tó kù lórí wọ́ọ̀dù lóru kò ní kọ́kọ́rọ́ kíṣíìnì lọ́wọ́. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni kẹ́túlù, ẹ̀rọ tóòsì, búrẹ́dì, bọ́tà, mílíìkì, bóyá kọnfléèkì àti bìsíkíìtì. Àwọn ibòmíì tiẹ̀ wà tí wọn ò fẹ́ rí ẹ̀rọ tóòsì, nítorí èéfín rẹ̀ máa ń mú kí aago iná dún.

Tíì àti tóòsì

Báyìí ni tíì àti tóòsì ṣe di oúnjẹ abiyamọ ní ìlú Ọba. Ká má purọ́, àwọn òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba. Ẹ bi obìnrin òyìnbó tó bímọ ní 20 ọdún sẹ́yìn, ó lè máà rántí orúkọ agbẹ̀bí mọ́, ṣùgbọ́n yóò rántí tóòsì yẹn. Wọ́n á ní kò sí oúnjẹ tó dùn tó o rí. Èmi náà ò ní pẹ̀gàn rẹ̀. Ẹni tí ebi ti pa fún wákàtí 20, tí agbẹ̀bí gbé tíì gbígbóná onímílíìkì àti ṣúgà fún, pẹ̀lú ẹ̀rín àti “kú iṣẹ́”, inú rẹ̀ á dùn.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Aago 3 kọjá díẹ̀ lóru ni mo bí ọmọ mi kejì, ní ọsibítù kan tí n kò ní dárúkọ. Ègé tóòsì méjì àti ife tíì kan ni mo rí. Wọ́n gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù, wọ́n ní kí bàbá ọmọ máa lọ sílé kó padà wá ní àárọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, mo dìde láti lọ wẹ̀. Ojú mi ṣú, ògiri ń yí, ọpẹ́lọpẹ́ okùn pupa tó wà ní balùwẹ̀ tí mo fà tí nọ́ọ̀sì fi sáré wá. Nígbà tí ìyá mi pè láti ilé ní aago 7, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lẹ́yìn “ẹ kú ewu” ni pé:

“Kí ni wọ́n fún ẹ jẹ?”

“Tíì àti búrẹ́dì ni, Mà.”

“Búrẹ́dì kẹ̀? Búrẹ́dì gbígbẹ fún abiyamọ? Ẹ̀kọ ńkọ́? Ọbẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò sí ènìyàn lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìkẹyìn yẹn wọ̀ mí lára. Nílé, ọsibítù kọ́ ni ènìyàn ń retí oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí obìnrin bá ti lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú fúláàsì àti kúlà. Bí ọmọ bá ké báyìí, ẹ̀kọ gbígbóná ti dé. Oúnjẹ ọsibítù Nàìjíríà lè máà dára, ó tiẹ̀ lè máà sí rárá, ṣùgbọ́n ènìyàn wà níbẹ̀. Níhìn-ín, ọsibítù gbà láti bọ́ wa, a sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ibẹ̀ ni àlàfo ti wọlé.

Kí ló dé tí wọn kì í jẹ́ kí aboyún jẹun nígbà ìrọbí?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ ọ pé aboyún tó ń rọbí kò gbọdọ̀ fi nǹkankan kan ẹnu. Ọ̀rọ̀ yìí ní orísun. Ní ọdún 1946, dókítà kan ní New York, Curtis Mendelson, kọ̀wé pé nínú ìbí 44,016 tó yẹ̀ wò, aboyún 66 ni oúnjẹ tàbí omi inú wọn gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ nígbà tí wọ́n fi oògùn mú wọn sùn. Láti ìgbà náà ni àwọn ọsibítù ti ń fi òfin de ẹnu aboyún.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Lónìí, púpọ̀ nínú àwọn tí a ń ṣiṣẹ́ abẹ fún láti gbẹ̀bí kì í sùn rárá, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà, ojú wọn sì là sílẹ̀. Àwọn olùwádìí tó kó iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ ní ọdún 2010 rí i pé kò sí ìdí láti fi oúnjẹ àti omi du aboyún tí kò sí ewu lórí rẹ̀. Ìlànà NICE, àjọ tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà ní England, sì ti sọ ọ́ láti ọdún 2007 pé aboyún tó ń rọbí lè jẹ oúnjẹ fúyẹ́fúyẹ́, àfi bó bá ti gba oògùn ìrora bíi pethidine, tàbí bí ohun kan bá wà tó lè mú kó nílò oògùn oorun. Oògùn ìrora yẹn a máa fa ọwọ́ ikùn sẹ́yìn, oúnjẹ kì í tètè dà. Nítorí náà, bí agbẹ̀bí bá ní kí o má jẹun, bi í léèrè ìdí rẹ̀. Bí ìdí bá wà, gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bí kò bá sí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tàbí ẹ̀kọ díẹ̀ kò ní pa ọ́ lára.

Ẹni tí a fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún náà ńkọ́? Òun náà, bí ara rẹ̀ bá ti ń mókun tí kò sí ìṣòro, ìlànà ní kó jẹ, kó mu, nígbàkígbà tí ebi tàbí òùngbẹ bá ti ń pa á. Kò dìgbà tó bá lo ọjọ́ méjì. Ká bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni.

Ohun tí ara abiyamọ ń béèrè

Ìrọbí jẹ́ iṣẹ́ agbára. Ó ń mú òógùn jáde, ó ń gba omi, ó ń jẹ oúnjẹ tí ara ti tọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ a máa lọ pẹ̀lú. Bó bá tó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti lọ jù. Lẹ́yìn náà ni ọmú ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ń fún ọmọ ní ọmú nìkan nílò nǹkan bíi 330 kálórì lójúmọ́ sí èyí tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ègé tóòsì méjì pẹ̀lú bọ́tà kò ju nǹkan bíi 250 sí 300 lọ. Ó tó láti fi pa iná ebi, kò tó láti fi dá okun padà.

Ọ̀rọ̀ tíì náà wà níbẹ̀. Tíì a máa dí èròjà áyọ́ọ̀nù tó ń kọ́ ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, kì í jẹ́ kí ara gbà á dáadáa. Bí wọ́n bá fún ọ ní oògùn ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, má fi tíì gbé e mì. Fi omi ọsàn gbé e mì, kí o sì fi bíi wákàtí kan sáàárín òun àti tíì.

Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin nítorí àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju àwọn tó kù lọ. Bí olóbì bá ti jáde, insulin tí ara ń béèrè a máa já wálẹ̀ lójijì, ọmú sì tún ń fa ṣúgà. Bí kò bá jẹun, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù. NHS fúnra rẹ̀ ka àwa aláwọ̀ dúdú mọ́ àwọn tí àtọ̀gbẹ inú oyún tètè ń mú, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa.

Ohun tí ìjọba ti sọ

Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2000, ìjọba kọ ọ́ sínú ètò tí wọ́n pè ní NHS Plan pé oúnjẹ yóò máa wà ní ọsibítù fún wákàtí 24. Ní ọdún 2001, wọ́n gbé ètò Better Hospital Food kalẹ̀. Loyd Grossman tí a mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ló ṣáájú rẹ̀. Páálí ìpanu fún ẹni tí oúnjẹ bá kọjá rẹ̀ wà nínú ètò náà. Ọdún 2006 ni ètò ọ̀hún parí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ìgbìmọ̀ mìíràn tó yẹ oúnjẹ ọsibítù wò tún dámọ̀ràn oúnjẹ tó dára lọ́sàn-án lóru, fún aláìsàn àti òṣìṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, NHS England gbé ìlànà mẹ́jọ jáde lórí oúnjẹ àti ohun mímu, ọ̀rọ̀ wákàtí 24 sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ láti ọdún 2000. Ìwé pọ̀, oúnjẹ ló ṣọ̀wọ́n. Àwọn ọsibítù kan ń ṣe é dáadáa: wọ́n ní firíìjì tí sáńwíìsì, yọ́gọ́ọ̀tì àti èso wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bímọ lóru. Ní òmíràn, ẹ̀rọ tí a ń ju owó sí ní ìsàlẹ̀, tó ń ta kírípísì àti ṣokoléètì, nìkan ló kù. Obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ojú ara rẹ̀ kò sì lè sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ẹ la ẹnu yín

Ìṣòro kan wà tó jẹ́ tiwa. A ti kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa pé kí wọ́n má béèrè oúnjẹ nílé onílé, kí wọ́n má baà pè wọ́n ní ọ̀kánjúwà. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè pé ṣé kò sí, wọ́n á ní kò sí, wọ́n á tún ní ẹ ṣé. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọsibítù kì í ṣe ilé àlejò. Ẹ béèrè pé: “Ṣé páálí ìpanu wà? Ṣé sáńwíìsì wà ní firíìjì? Ṣé ẹ lè bá mi tọ́jú oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀ bí ọmọ bá ń bọ̀?” Ẹni tí kì í jẹ àìmọ́ tàbí tó ń jẹ hàláàlì nìkan, kó sọ ọ́ kí kíṣíìnì tó pa, nítorí lóru, èyí tó bá wà ni wọ́n á gbé wá. Bí ojú bá ń ṣú ọ, tí àyà ń já, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà jù, má rò pé ebi lásán ni, fa okùn, pe nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Fúláàsì àti àpò

Ìmọ̀ràn wa rèé fún gbogbo ilé tó ń retí ọmọ:

1. Bí ẹ ti ń di aṣọ ọmọ, ẹ di oúnjẹ ìyá pẹ̀lú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ípékeré, dábínù, bìsíkíìtì, ṣinṣín àti omi ọsàn inú páálí kì í tètè bàjẹ́. Kí ẹ tó di ẹ̀pà tàbí kúlíkúlí, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọ́ọ̀dù, torí àwọn kan kò gbà á nítorí àwọn tí ẹ̀pà ń ṣe ní jàǹbá.

2. Ẹ ra fúláàsì oúnjẹ tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da omi híhó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ dà á nù, kí ẹ tó bu ẹ̀kọ mímu tàbí ọbẹ̀ ẹja tó ń hó sínú rẹ̀. Oúnjẹ gbígbóná kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 63 lọ. Bó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ dà á nù.

3. Ẹ má gbé ìrẹsì tó ti wà nílẹ̀ láti àárọ̀ lọ, bí ó ti wù kí jọ́lọ́ọ̀fù náà dùn tó. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí májèlé rẹ̀ kì í kú bí a bá tiẹ̀ gbé e gbóná.

4. Ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù kì í bá ènìyàn gbé oúnjẹ ilé gbóná. Bí firíìjì bá wà, ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sára rẹ̀.

5. Bàbá ọmọ, kí wọ́n tó ní kí o máa lọ sílé lóru, rí i pé fúláàsì àti omi wà níbi tí ọwọ́ ìyàwó rẹ lè tó. Má gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù tó jìnnà.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má bínú sí wa lórí ọ̀rọ̀ kaun àti àgbo. Ẹ̀kọ gbígbóná, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹyin dára gan-an. Ata kò ba ọmú jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nínú oyún, ẹ dín iyọ̀ àti kaun kù fún un. Ní Zaria, láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn dókítà rí abiyamọ púpọ̀ tí ọkàn wọn rẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ kaun tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀kọ mímu lójoojúmọ́ àti ooru ìwẹ̀ àti ibùsùn tó pọ̀ jù. Ti àgbo, ẹ fi han agbẹ̀bí ná, torí inú ọmú ni ọmọ ti ń mu ohun tí ìyá bá mu.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa níhìn-ín ni kò ní ìyá nítòsí. Físà kò bọ́ sí i, tàbí owó ọkọ̀ òfuurufú kò sí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. A ń bẹ ẹ̀ka àwọn ìyá kí wọ́n ṣe ìwé kan tí orúkọ ènìyàn méjì yóò wà nínú rẹ̀ fún aboyún kọ̀ọ̀kan: ẹni tí a óò pè bí ìrọbí bá bẹ̀rẹ̀, àti ẹni tí yóò gbé fúláàsì dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ní àárọ̀. Kò ní ná wa ju ẹ̀kọ, ẹja àti owó bọ́ọ̀sì lọ. Ẹni tó bá ní fúláàsì tí kò lò mọ́, kó fi ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ. Bí ẹ bá sì bímọ, tí ọsibítù yín ṣe dáadáa tàbí kò ṣe dáadáa, ẹ kọ̀wé sí wọn. Ìwé ìyìn àti ìwé ẹ̀sùn ni wọ́n fi ń mọ ohun tó ń lọ lóru nígbà tí àwọn ọ̀gá ti sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí, Ọlọ́run yóò sọ yín kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ẹ óò gbóhùn ìyá, ẹ óò gbóhùn ọmọ. Ẹ kú ọwọ́ lómi o, kí omi náà tutù, kí ẹ̀kọ sì gbóná. Àṣẹ.